Iná Abẹ́ Eérú Ìyá Òkété

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró lẹ́nu ààrò Ìjàpá.

Láyé àtijọ́, Ìjàpá nìkan ló ní òkúta tí wọ́n fi ń ṣáná. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fọnná, Ìjàpá á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá koríko gbígbẹ, á ṣáná, á gba iṣu, á fún un ní ẹ̀yinná. Onítọ̀hún kò ní tíì rìn jìnnà tí Ìjàpá yóò fi da omi pa ààrò. Bí ẹlòmíràn bá dé, ó di iṣu mìíràn.

Yánníbo aya rẹ̀, tó wà nínú oyún, bá a sọ ọ́ títí. Ìjàpá ní iná tó ń jó lásán kì í mú iṣu wálé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé irú ètò kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pè é ló ń jí, bó bá jẹ́ ìpè tán, á kú. Òmíràn wà láàyè, ó kàn ń retí ìpè.

Ìyá Òkété, opó ẹ̀bá odò, fi iṣu kan ṣoṣo tó ní gba ẹ̀yinná. Ó fi ìtì igi sí i, ó fi eérú bò ó. Kò jó, kò sì kú. Bí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn, Òkété á fẹ́ ẹ, iná á dìde. Ẹni mẹ́ta lè dé pọ̀, iná kan náà ló ń dá wọn lóhùn. Òkété kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Inú bí Ìjàpá, ó ní igi yóò tán mọ́ ìyá náà lọ́wọ́.

Òjò wá rọ̀ láti àárọ̀. Nírọ̀lẹ́, Yánníbo bímọ. Ọmọ tutù bí omi àmù, kò ké. Ìjàpá ṣá òkúta títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ṣùgbọ́n koríko ti tutù, iná kò ràn. Ààrò tó ń da omi sí lójoojúmọ́ ti di ẹrẹ̀. Ẹ̀rù bà á gidi. Ó gbé àpáàdì, ó wọnú òjò, ó ń kọrin:

Ìyá Òkété, ọmọ mi ń gbọ̀n —
*Jó wẹ́rẹ́.*
Omi ọwọ́ mi ló pa ààrò mi —
*Jó wẹ́rẹ́.*
Àpáàdì rèé lọ́wọ́ mi —
*Iná, jó wẹ́rẹ́.*

Ó ti rò pé Òkété yóò béèrè iṣu. Òkété wo àpáàdì, ó wo ojú rẹ̀.

“Ṣé ọmọ ti ké?”

“Kò tíì ké, ìyá mi.”

“Má jókòó o. Ẹni tó wá fọnná kì í jókòó.”

Ó wa eérú, ó fẹ́ ẹ, ẹ̀yinná pọ́n. Ó kó o sí àpáàdì, ó fi eérú bò ó kí òjò má pa á, Ìjàpá sì sáré gbé e délé.

Omi gbóná, wọ́n fi wẹ ọmọ, ọmọ ké. Ẹ̀yin èèyàn mi, ara tù mí. Ìjàpá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ru iṣu lọ dúpẹ́, Òkété ní kó lọ sè é fún abiyamọ.

Láti ọjọ́ náà ni a kò ti ta iná fún aládùúgbò mọ́, nítorí a kò mọ ọmọ tó ń gbọ̀n nílé ẹni tó gbé àpáàdì wá.

Ibi tí mo fi eérú bo àlọ́ mi nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí iná ilé mi kú kí ilẹ̀ tó mọ́.