Ọ̀rá Ara Mọ́tò Gbádébọ̀

Asáré-má-wẹ̀yìn àti Adúró-wolẹ̀, àwọn ni ǹ bá ní wọ́n dá owó ẹyọ fún Gbádébọ̀ ọmọ Adéòjó, lọ́jọ́ tí mọ́tò tuntun gba oorun lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ awo ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ awo kankan. Èmi Ẹfúndùnkẹ́, ìyá olórìṣà ní ilé Ògìyán ní Èjìgbò, èmi gan-an ni mo da owó ẹyọ sílẹ̀ fún un. Kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn kọ́kọ́ jókòó kó gbọ́ ọ tán.

Gbádébọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í sì í lé obìnrin kiri. Abíjàn ló ti ń ṣòwò, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti ń ṣe láti ayé àwọn bàbá wa. Mọ́tò ni wàhálà tirẹ̀. Kì í ṣe mọ́tò tí ènìyàn fi ń ti ibì kan dé ibì kan o. Mọ́tò eré ni, èyí tó sún mọ́lẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ méjì péré, tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí yóò bú ramúramù, kí ẹ tó yíjú wò ó, ó ti lọ. Bí wọ́n bá ti gbé tuntun jáde lókè òkun, Gbádébọ̀ ti gbọ́. Á máa wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, á pe Àbẹ̀fẹ́ ìyàwó rẹ̀ wá wò ó, á pe Ìbídùn ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Àbẹ̀fẹ́ á ní, “Ó dáa, mo ti rí i.” Ìbídùn ní tirẹ̀ kò ní í kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí nìyẹn, ohun tó ń ṣe bàbá rẹ̀ ló ń ṣe òun náà. Bí mọ́tò bá dún lọ́nà jíjìn, Ìbídùn á ti dárúkọ rẹ̀ kó tó yọ.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, wọ́n gbé òmíràn jáde tí Gbádébọ̀ ní irú rẹ̀ kò tíì sí. Òun àti Oyèkúnlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣòwò ní Abíjàn, jọ rà á. Tirẹ̀ pupa, ti Oyèkúnlé aláwọ̀ ìyeyè. Wọ́n gbé méjèèjì wálé fún ọdún Ògìyán. Ẹ wá wo Èjìgbò lọ́jọ́ náà! Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e, àwọn àgbàlagbà ń bẹ̀rẹ̀ wò ó lábẹ́. Ohun tí gbogbo wọn sì kọ́kọ́ ń wò ni ọ̀rá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀rá funfun tí wọ́n fi ń bo àga àti ilẹ̀ inú mọ́tò tuntun, àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ ya á. Ọ̀rá náà ló ń sọ fún aráyé pé tíà-rọ́bà ni, pé ìdí ẹlòmíràn kò kan àga náà rí. Mo mọ ẹni tí ooru ọ̀rá bó nídìí, kò sì ya á.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì wá fi àdéhùn sí i pé bí ọdún bá ti parí, àwọn yóò jọ sáré lórí ọ̀nà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí lẹ́yìn ìlú, kí gbogbo ayé rí ohun tí mọ́tò náà lè ṣe. Gbádébọ̀ ti ṣèlérí fún Ìbídùn pé ẹ̀gbẹ́ òun ni yóò jókòó. Ọmọ náà kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ nínú ilé.

Láàárín èyí ni ìdààmú dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Gbádébọ̀ ń gbé mọ́tò wọ agboolé, ó tẹ bíréèkì, mọ́tò kò tètè dúró. Ó fi imú gbá àmù ìyá rẹ̀ fọ́, omi dà kún ilẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni kò tíì mọ́ ọn lára, pé bí mọ́tò alágbára ti máa ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já, kò sì padà sípò. Bó bá jókòó sídìí ọkọ̀ náà, inú rẹ̀ á dùn, lẹ́sẹ̀ kan náà ni á tún sọ̀kalẹ̀. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Àbẹ̀fẹ́ rí i, ó ní, “Bàbá Ìbídùn, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ ò bá lọ bi òrìṣà, ọmọ mi ò ní wọ mọ́tò yẹn. Ọmọ kan ni mo ní.”

Bó ṣe wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn. Oyèkúnlé tẹ̀ lé e wá, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ẹnu ọ̀nà.

Mo wo Gbádébọ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo ní, “Kí ló dé, ọmọ mi?”

Ó ní, “Ìyá, ohun tí mo fẹ́ràn ni mo rà. Ẹ̀rù rẹ̀ ló wá ń bà mí.”

Mo ní kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sí owó ẹyọ. Ó sọ ọ́. Mo da owó ẹyọ sílẹ̀ sórí àtẹ, odù Ògúndá ló yọ. Ògún ló máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, òun ló ni irin. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Mo ní ire wà níwájú rẹ̀, ikú náà wà níwájú rẹ̀, ẹ̀bá ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Mo ní kó rúbọ. Mo ní aṣọ ni ẹbọ.

Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi ń bọ́ agbádá. Lẹ́ẹ̀sì gidi ni. Èmi gan-an fẹ́ kí òrìṣà gbà á, kí n má purọ́. Mo bi òrìṣà, òrìṣà kọ̀ ọ́. Gbádébọ̀ ní ṣé aṣọ Àbẹ̀fẹ́ ni. Òrìṣà kọ̀. Ó wá bèèrè bóyá aṣọ Ìbídùn ni. Òrìṣà tún kọ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Sùúrù mi ti ń tán.

“Gbádébọ̀, kí lo tún fẹ́ràn nílé rẹ tó ń wọ aṣọ?”

Oyèkúnlé bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ bi í dáadáa, Ìyá. Bóyá ó ti fi ìyàwó kan pa mọ́ síbì kan.”

“Mi ò ní ìyàwó mìíràn.” Gbádébọ̀ wolẹ̀. “Àfi mọ́tò.”

“Mọ́tò a máa wọ aṣọ?”

“Ọ̀rá ni, Ìyá. Ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó.”

Ọ̀rọ̀ náà dà bí àwàdà létí mi, díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín. Mo bi òrìṣà, òrìṣà gbà. Mo tún bi í, ó tún gbà. Mo ní, “Ó parí. Lọ bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀, tòkè tilẹ̀, má ṣẹ́ ìkankan kù. Kí o kó o wá síwájú òrìṣà kí mọ́tò náà tó sáré.” Mo kọjú sí Oyèkúnlé. “Ìwọ náà gbọ́. Mọ́tò kan náà lẹ rà, ẹbọ kan náà ni.”

“Háà, Ìyá, ẹ má bínú o,” ni Oyèkúnlé wí. “Kí n ya ọ̀rá kí n tó sáré níwájú gbogbo Èjìgbò? Wọ́n á ní tòkunbọ̀ ni mo rà! Òrìṣà yìí ò mọ mọ́tò.”

“Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́.”

Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, mi ò lè ní kò dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ títí ó fi jáde lágboolé.

Ẹ má rò pé ó rọrùn fún Gbádébọ̀. Àbẹ̀fẹ́ ló sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní ọkọ òun ń yí mọ́tò náà po, ó ń fọwọ́ pa ọ̀rá náà, kò lè fà á. Ìbídùn bú sẹ́kún: “Dádì, ẹ má ya á! Wọ́n á ní tòkunbọ̀ ni!” Nígbà tó yá, Gbádébọ̀ dijú, ó fà á. Ọ̀rá àga tirẹ̀ dún fààà, ó ya. Ó fa ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ọmọ yóò jókòó sí. Ó fẹ́ ṣíwọ́, ó wá rántí pé mo ní tòkè tilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sísàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀, ó fà á, kò wá. Ó tún fà á, kò wá. Ló bá ki orí bọ ibẹ̀.

Ọ̀rá ilẹ̀ náà ti yọ̀ kúrò láyè rẹ̀. Ó ti ká jọ, ó ti di òṣùṣù, ó sì ti há sábẹ́ bíréèkì gbagidi. Ibi tó yẹ kí bíréèkì wọlẹ̀ dé, ọ̀rá ti dí i. Ohun tó fọ́ àmù nìyẹn! Ó fi tipátipá fà á yọ, ó fọwọ́ tẹ bíréèkì, bíréèkì wọlẹ̀ dé ibi tí kò dé láti ìgbà tí àmù ti fọ́.

Gbádébọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wo àga ọmọ rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. “Àbẹ̀fẹ́, ǹ bá ti pa á. Ẹsẹ̀ ara mi ni ǹ bá fi pa ọmọ mi.”

Àbẹ̀fẹ́ kúnlẹ̀ tì í, ó gbá a mọ́ra. “Ẹ ò pa á. Òun ló dúró síbẹ̀ yẹn, ẹ wò ó.”

Kò fọ ọwọ́ tó fi gba ilé Oyèkúnlé lọ. Ó ní, “Oyè, jọ̀ọ́, wo abẹ́ bíréèkì rẹ, ọ̀rá yìí ló há sábẹ́ tèmi. Má tíì wa mọ́tò yẹn.” Oyèkúnlé wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “O ti ya tìẹ, o wá fẹ́ kí n ya tèmi, ká lè jọ di oní-tòkunbọ̀. Máa lọ jàre.” Gbádébọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò náà fúnra rẹ̀, Oyèkúnlé ti tì í pa. Kí ló tún kù tó lè ṣe? Ó kó ọ̀rá tirẹ̀ wá síwájú òrìṣà. A bu epo fún Ògún, a fún un ní iṣu sísun. Gbádébọ̀ jẹ nínú iṣu náà, ó jẹ ẹ́ yó.

Ọjọ́ eré pé, ẹsẹ̀ ò gbèrò lẹ́bàá ọ̀nà. Mọ́tò Oyèkúnlé ń dán, ọ̀rá inú rẹ̀ náà ń dán. Ti Gbádébọ̀ dé láìsí ọ̀rá, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n máa sọ. “Ẹ wò ó, èyí ti lò díẹ̀ o!” “Tòkunbọ̀ Abíjàn!” Ìbídùn wọlé, ó de bẹ́líìtì, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Mo wà níbẹ̀, ara ò jẹ́ kí n dúró sílé. Wọ́n gbéra, ohùn ẹ̀rọ náà gba àyà mi kọjá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ọjọ́ náà ni mo mọ ohun tí Gbádébọ̀ ń rí níbẹ̀. Ó dùn! Mo pariwo bí ọmọdé.

Wọ́n ti ń padà bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, pupa níwájú, ìyeyè ń lé e bọ̀, ni agbo màlúù já sójú ọ̀nà láti inú igbó. Ẹni tó ń dà wọ́n kò mọ̀ pé eré wà. Gbádébọ̀ tẹ bíréèkì. Bíréèkì wọlẹ̀. Táyà han, èéfín sọ, mọ́tò náà rọlẹ̀, ó dúró. Màlúù kan fi imú kan gíláàsì níwájú Ìbídùn, ó ń wò ó.

Oyèkúnlé náà tẹ tirẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ ju ìdajì lọ. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwájú, ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sí igbó. Mo kí i fún ìyẹn títí dòní. Mọ́tò náà fò kúrò lórí ọ̀dà, ó yí, ó dojú dé sínú àkùrọ̀ tí wọ́n gbin ẹ̀fọ́ sí.

Gbádébọ̀ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó fà á jáde nínú ẹrẹ̀, ó ń pè é, “Oyè! Oyè o!” Oyèkúnlé lajú. Ó ní, “Ó há, Gbádé. Ọ̀rá yẹn, ó há.” Ó wà láàyè! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́, mọ́tò rẹ̀ di irin tí wọ́n ń wọ̀n tà, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ẹrẹ̀ rírọ̀ yẹn ló gbà á là. Èmi tí mo ti ń mú ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un láti ọjọ́ tó ti fi mí rẹ́rìn-ín, mo jókòó sínú ẹ̀fọ́ olóko, mo ń dúpẹ́.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó fi igi tilẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ó mú ọ̀rá kan dání tí wọ́n yọ nínú ẹrẹ̀, ó ti ya yánnayànna. Kò lè dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ bá mi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gbádébọ̀.”

Gbogbo èébú tí mo ti tò sílẹ̀ fún un fò lọ lórí mi. Mo ní, “Ọmọ mi, ti Gbádébọ̀, ẹbọ ni. Tìrẹ, ọpẹ́ ni. Gbé e síbẹ̀, ọpẹ́ náà dára.”

Báyìí ni ẹni tó gbọ́ ti òrìṣà ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, tí òwò rẹ̀ ní Abíjàn ń gbòòrò. Báyìí ni ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀fẹ̀ ṣe ń tiro, tó ń jẹ ìka àbámọ̀.

Ẹ má sì rò pé Gbádébọ̀ jáwọ́ nínú mọ́tò. Ta ní í jáwọ́? Nígbà tí wọ́n tún gbé tuntun jáde, ó rà á. Àbẹ̀fẹ́ ní lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gbé e, kí ẹni tó ń tà á tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ọkọ òun lọ́wọ́, Ìbídùn ti ki orí bọ ìsàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀, wọ́n kàn ń gbọ́ ọ̀rá tó ń dún fààà. Ẹni tó ń tà á figbe ta: “Ọmọ yìí, o ti ń sọ ọ́ di tòkunbọ̀!” Ìbídùn fi ọwọ́ tẹ bíréèkì títí ó fi wọlẹ̀ tán, ó jáde, ó ká ọ̀rá náà dáadáa, ó ní kí wọ́n bá òun mú un lọ fún Ìyá ní Èjìgbò.