Ẹkún Ìbídùn Lórí Ìtàgé

"Bí òṣèré bá ń sunkún, bi í kí o tó pàtẹ́wọ́." Bí àlejò bá gbọ́ òwe yìí ní ìlú Etídò, ẹ̀rín ló máa ń pa á. Ta ni í bi òṣèré léèrè ẹkún? Àwọn ará Etídò kì í bá a rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tó bí òwe náà kò dùn ún sọ.

Ọ̀gá Látúndé, olórí ẹgbẹ́ òṣèré ìlú náà, ló ṣe eré Ìkún-Omi. Ó mú ọkọ̀ Nóà, ó fi ìbínú Olókun kún un, ó tún mú ẹja tó fa ọkọ̀ yọ nínú ewu nínú ìtàn àwọn ará Íńdíà. Òun fúnra rẹ̀ ni Nóà, Ìbídùn sì ni opó tí wọn kò jẹ́ kó wọ ọkọ̀. Ẹgbẹ́ wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ eré sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan bá sọ, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Ọ̀gá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ eré, òjò ń rọ̀, gbogbo atukọ̀ ìlú ló wà nínú gbọ̀ngàn. Ìbídùn wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ kan sáré dé. Odò ti kún, omi ti dé fèrèsé ilé wọn, ìyá Ìbídùn tí kò lè rìn mọ́ sì wà nínú yàrá. Obìnrin náà sọ ọ́ tán, ó sáré padà lọ wá àwọn ọmọ tirẹ̀.

Ìbídùn bọ́ sórí ìtàgé, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin atukọ̀, ẹ dákun, omi ti ká ìyá mi mọ́lé."

Gbọ̀ngàn dún fún àtẹ́wọ́. Ọmọ èèyàn fẹ́ràn ìbànújẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Inú Ọ̀gá dùn sí ọ̀rọ̀ tuntun náà, ó na ọ̀pá sí i.

"Nígbà tí mo ń kan ọkọ̀, ṣebí ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀kùn ti tì."

"Ọ̀gá, eré kọ́. Ìyá mi ni."

"Gbogbo ẹni tí omi ń gbé lọ ló ní ìyá," ni Ọ̀gá dáhùn. Àwọn èèyàn dìde fún un.

Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó sú u, ó sáré jáde sínú òjò. Ìgbà tí kò padà wọlé ni Ọ̀gá tó fura, tó sì kó àwọn atukọ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n bá a nínú omi tó mù ún dé àyà, ó gbé òkú ìyá rẹ̀ mọ́ra.

Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ìbídùn, mo rò pé eré ni."

"Ẹ ò bi mí, Ọ̀gá. Ẹ̀ bá bi mí."

Títí Ìbídùn fi darúgbó, kò tún gun orí ìtàgé mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ní Etídò fún ẹni tó bá ń fi ìrora ẹlòmíì ṣe ìran wò: bí òṣèré bá ń sunkún, bi í kí o tó pàtẹ́wọ́.