Ìdí tí Adìẹ fi ń Tan Ilẹ̀ Lórí Òkìtì Àgbàdo

Nígbà láéláé, adìẹ kì í tan ilẹ̀. Bí wọ́n bá da àgbàdo sílẹ̀ fún un, á rọra ṣà á jẹ ni.

Nígbà náà, Abẹ́ní ẹlẹ́kọ ní àgbébọ̀ kan tó ní ọmọ mẹ́jọ. Láràárọ̀ ló ń bu omidùn, omi kíkan orí ògì, fún wọn mu. Inú omi náà ni àwọn Tíntín ń gbé. Wọ́n kéré débi pé ojú kò lè rí wọn. Bí adìẹ bá ti mu wọ́n, inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n á máa bá a lọ oúnjẹ kúnná, wọ́n á sì máa lé àrùn jáde. Ìyẹn ni àwọn ọmọ náà fi ń yára sanra.

Lọ́jọ́ kan, Abẹ́ní pariwo: "Háà, àgbébọ̀ mi! Kí lò ń fún àwọn ọmọ yìí jẹ?"

Àgbébọ̀ na ọrùn. "Ìran wa ni, ìyá mi. Iwe tó ń lọ oúnjẹ nínú wa lágbára. Kò sẹ́ni tó bá mi tọ́ wọn."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dájú! Omidùn kò tíì gbẹ lẹ́nu rẹ̀ o.

Inú bí àwọn Tíntín gidigidi. Àgbà wọn sọ̀rọ̀ láti inú ikùn: "Àgbébọ̀, a ò tọrọ àgbàdo lọ́wọ́ rẹ. 'Ẹ ṣé' lásán ló wá wúwo lẹ́nu rẹ?"

"Kòkòrò lásánlàsàn! Ẹ jáde nínú èmi àtọmọ mi!" Ó fẹsẹ̀ da ìkòkò omidùn nù.

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni," Àgbà Tíntín dáhùn. Ni gbogbo wọn bá bọ́ sílẹ̀, wọ́n wọ inú erùpẹ̀ lọ.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, nǹkan dàrú. Àwọn ọmọ ń jẹun yó, síbẹ̀ wọ́n ń rù. Wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ìyẹ́ wọn rí jákujàku. Méjì kú.

Àgbébọ̀ bú sẹ́kún. "Ẹ dákun, èmi ni mo ṣẹ̀. Ẹ ṣàánú àwọn ọmọ mi."

"A ò ní padà sílé tí wọ́n ti lé wa," ni Àgbà Tíntín wí. "Inú ilẹ̀ la wà. Bí o bá fẹ́ wa, fẹsẹ̀ wá wa, sún sẹ́yìn, kí o sì tẹríba. Kí àwọn ọmọ rẹ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ ti ń tan ilẹ̀. Bó dúró lórí òkìtì àgbàdo pàápàá, á tàn án, á sún sẹ́yìn, á tẹríba. Àwọn èèyàn á ní ó ń fi oúnjẹ ṣòfò. Irọ́ ni! Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti òròmọdìẹ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin lánàá, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, òun náà ti ń tan ilẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì ohun tí ìyá ńlá rẹ̀ ayé àtijọ́ fẹnu fà.