Ògiri Tí Kò Mu Omi

Láṣebìkan ará Òkè-Ìràwé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́. Àgbẹ̀ ni, apá rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ yá, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de nǹkan. Bí iṣu bá wà lórí iná, á ti ṣí i wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó hó. Bí ẹ bá ní kó jókòó, á ní òun ti jókòó lánàá.

Ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ni Ìbídùnní, ọmọ kan ṣoṣo tí opó kan tó ń mọ ìkòkò tà bí. Ọdún kẹta rèé tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti tọrọ, wọ́n ti gbà, wọ́n ti jẹ obì, ohun kan péré ló kù. Òjò ọdún tó kọjá ti wó ilé Ìyá Ìbídùnní, obìnrin náà sì ń sùn lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Baba Olóyèdé, níbi tí àwọn ewúrẹ́ ń sùn. Láyé ìgbà náà, ọkọ ìyàwó kì í wo ìyá ìyàwó rẹ̀ nínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀, wọn yóò sì mọ ilé tuntun fún un kí wọ́n tó fa ìyàwó lé e lọ́wọ́.

Baba Olóyèdé ni olórí ẹbí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pe Láṣebìkan.

"Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń lọ," ó ní. "Bí ilé àbúrò mi bá gba òrùlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá mú ìyàwó yín. Bí òjò bá bá a láìní òrùlé, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Láṣebìkan dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baba, ẹ kà á sí pé ó ti parí."

"Mi ò kà á sí nǹkan kan. Màá wá wò ó."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú ilé bíríkì, ẹ fún mi láyè kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Amọ̀ kì í gba ìkánjú. Wọ́n á wà á jọ, wọ́n á bu omi sí i yanturu, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wọ́n á tún bu omi, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi kúnná. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó mọ ìpele kìíní, tí kò ní ga ju orúnkún lọ. Wọ́n á wá fi í sílẹ̀ fún oòrùn títí ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Ìpele márùn-ún ni odindi ilé. Mo gbọ́ pé láti ilẹ̀ wa dé ilẹ̀ Hausa, títí dé àwọn ibi tó jìnnà tí ràkúnmí ń rìn, gbogbo ẹni tó ń fi amọ̀ kọ́lé ló mọ̀ pé omi, ẹsẹ̀, oòrùn àti sùúrù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Láṣebìkan ní ẹsẹ̀.

Bàbá Àlàmú ló mọ iṣẹ́ ilé mímọ jù ní Òkè-Ìràwé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ló mọ ìdajì ilé tó wà nílùú. Láṣebìkan lọ bẹ̀ ẹ́ kó wá máa darí àwọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàbá wú, kò lè jìnnà sílé.

"Ìkòkò omi ọgọ́ta ni fún ìpele kan," bàbá sọ fún un. "Má jẹ́ kó dín. Bí o bá sì ti mọ ìpele kan tán, gba oko rẹ lọ, má bojú wẹ̀yìn."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Etí lo fi gbọ́ ọ àbí ẹsẹ̀? Mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ìpele kìíní dára. Omi pé, wọ́n sì fi sílẹ̀ títí ó fi gbẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìkejì, omi Ayílọ̀ tó wà nítòsí gbẹ kanlẹ̀. Odò Ẹlẹ́ja nìkan ló kù, bí obìnrin bá sì jí lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù, ó di ọ̀sán gangan kó tó padà dé. Àwọn obìnrin ilé Láṣebìkan ló ń pọn omi náà. Lọ́jọ́ kìíní, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀, ó di ọwọ́ mú ọrùn.

"Ọkọ mi, orí la fi ń rù ú o, a kì í ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìkòkò mẹ́wàá la lè pọn lójúmọ́. Bí ọgọ́ta lẹ bá ń fẹ́, ẹ óò dúró fún ọjọ́ mẹ́fà."

Láṣebìkan gbójú sókè. Ìkùukùu ti ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ níhà ìlà-oòrùn. Ó gbójú sílẹ̀, ó rí Ìbídùnní tó ń kọjá lọ pẹ̀lú ìkòkò tí ìyá rẹ̀ fẹ́ tà lọ́jà. Ó ṣírò ọjọ́ lọ́kàn, ìṣirò náà kò bá a lára mu.

"Ẹ fi mẹ́wàá náà sílẹ̀," ó ní. "Ó ti tó."

Bámgbóyè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ló wọ inú amọ̀ náà. Kò pẹ́ tó fi dúró.

"Láṣebìkan, amọ̀ yìí ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí èèpo ẹ̀pà."

"Ṣáà máa tẹ̀ ẹ́."

"Ògúlùtu pọ̀ nínú ẹ̀."

"Bí a bá rẹ́ ẹ tán, ta ni yóò mọ̀?"

Wọn ò dúró de oòrùn mọ́. Ìpele gun ìpele lójoojúmọ́, kí ọ̀sẹ̀ kan sì tó pé, ilé ti dé òkè. Wọ́n wá gbé ọgbọ́n wọn sórí rírẹ́. Amọ̀ kíkúnná díẹ̀ tó kù ni wọ́n fi bo gbogbo ara ògiri, wọ́n fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, pa á, wọ́n fi òkúta dídán gbo ó títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ará ìlú ń wá wò ó. Àwọn obìnrin ń ní, "Háà! Ìyá Ìbídùnní, ẹ kú oríire o!" Baba Olóyèdé yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní, "Hùn-ún." Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìyìn ńlá nìyẹn. Wọ́n dá ọjọ́ òrùlé sí ọ̀tunla.

Ìyá Ìbídùnní nìkan ni kò yìn ín. Ó sún mọ́ ilé náà, ó fi ìka kan ògiri, kó, kó, bó ṣe máa ń kan ìkòkò rẹ̀ nígbà tó bá kó o kúrò nínú iná. Ó yíjú sí Láṣebìkan.

"Ọmọ mi, ṣé ó mu omi dáadáa?"

Láṣebìkan fi ọwọ́ pa ògiri náà. "Ó mu ún, Ìyá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà yẹn ni oúnjẹ kò ti wọ Láṣebìkan lọ́fun mọ́. Bí wọ́n bá gbé iyán síwájú rẹ̀, ohùn ìyá náà ni yóò máa gbọ́. Ó ń tan ara rẹ̀ pé bí òrùlé bá ti bò ó, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Ọkàn rẹ̀ kò gbà.

Ọjọ́ òrùlé pé. Ọyẹ́ ti lọ, ìrì ló kù, ìrì àárọ̀ ọjọ́ náà sì pọ̀ débi pé àwọn tó gba ọ̀nà oko wá tutù dé itan. Ó ń kán lára ewé, ó ń kán lára koríko bẹẹrẹ tí wọ́n kó jọ fún òrùlé. Ilẹ̀ ti mọ́, àwọn ọkùnrin ń to igi. Àwọn obìnrin sì dáná sí ìdí ògiri, kí atẹ́gùn má baà pa iná wọn. Ìyá Ìbídùnní fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fẹ́ iná.

Bámgbóyè gbé àkàsọ̀, ó fi ti ògiri. Láṣebìkan fẹ́ bá a dì í mú, ó wá gbé ọwọ́ kejì lé ara ògiri. Nígbà tó gbé ọwọ́ náà kúrò, ẹrẹ̀ bá a wá. Ó wòkè, ó rí i pé ògiri náà ti mu ìrì láti orí wá sísàlẹ̀, gbogbo dídán rẹ̀ ti ń yọ́.

Bó bá sọ̀rọ̀, ó kéré tán ọdún kan ti lọ nìyẹn, àbí ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún òpùrọ́? Bó bá dákẹ́, ẹ̀yìn ìyá nìyẹn lára ògiri, orí Ìbídùnní nìyẹn nísàlẹ̀ rẹ̀. Bámgbóyè sì ti gun àkàsọ̀ dé ìdajì.

"Bámgbóyè, sọ̀ kalẹ̀!" Igbe náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Ìyá, ẹ dìde! Gbogbo yín, ẹ kúrò nídìí ògiri!"

"Kí ló dé? Ṣé ejò ni?"

"Kì í ṣe ejò, èmi ni! Irọ́ ni mo pa. Ògiri yìí ò mu omi! Mo bẹ̀ yín, ẹ kúrò níbẹ̀!"

Gírígírí, kálukú sá. Bámgbóyè fò sílẹ̀, ó gbé ọmọ kan tó ń ṣeré níbẹ̀. Ìyá Ìbídùnní fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di abọ́ ẹ̀wà mú, wọ́n lọ dúró lábẹ́ igi odán. Ìbínú Baba Olóyèdé ru.

"Ṣé o fẹ́ pa wá ni? O mú wa wá síbí láti..."

Kò rí ọ̀rọ̀ náà parí. Ògiri ya láti òkè délẹ̀, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì ṣubú gbìì lé orí iná. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e. Eruku bo gbogbo wọn, ẹnì kan kò rí ẹnì kejì.

"Bámgbóyè!"

"Mo wà níbí o!"

"Ìbídùnní! Ìbídùnní dà?"

"Mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi, Bàbá!"

Baba Olóyèdé ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èèyàn jẹ́ ẹ lóhùn. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n rí i pé ìkòkò omi ẹ̀wà nìkan ni ògiri náà pa. Baba Olóyèdé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bàbá tí kì í rẹ́rìn-ín.

"Ìkòkò nìkan ló kú," ó ní. "Ẹ gbà mí o, ìkòkò nìkan ló kú!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rín bá ran gbogbo wọn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn.

Bàbá Àlàmú ti gbọ́ ìró náà nílé. Ó fi ọ̀pá wọ́ ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀ wá. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ògúlùtu kan, ó fọ́ ọ sí méjì. Erùpẹ̀ gbígbẹ lẹ́búlẹ́bú ló dà jáde nínú rẹ̀.

"Omi dà?" ó bèèrè.

Láṣebìkan ti dojú bolẹ̀ nínú eruku. "Ìkòkò mẹ́wàá mẹ́wàá ni, Bàbá."

"Mẹ́wàá! Ìyẹn ò jẹ́ omi. Itọ́ ni. Itọ́ lo fi mọ ilé fún ìyá ìyàwó rẹ."

"Òjò wo ló wá wó o?" Baba Olóyèdé bèèrè. "Òjò ò tíì kán sílẹ̀ lọ́dún yìí."

Bàbá Àlàmú fi ìka ra ewé kan, ó na ìka tútù náà sí i. "Ìrì yìí náà ni."

Baba Olóyèdé dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti tán. Ó di ọdún tó ń bọ̀, bí mo bá ṣì fẹ́ rí ojú rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́," ni Ìyá Ìbídùnní wí. "Mo ti fura láti ìjọ́ tí mo ti fi ìka kàn án. Ìkòkò tí kò jinná kì í dún bí èyí tó jinná."

"O fura, o wá lọ fẹ̀yìn tì í?"

"Mo rò pé yóò dúró di ìgbà òjò ni. Mi ò mọ̀ pé kò ní í dé ọ̀sán!" Ẹ̀rín tún sọ. Ó dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. "Ọkùnrin tó parọ́ kó lè rí ìyàwó fẹ́, ó pọ̀ nílé ayé. Ọkọ mi tó kú, kó sùn re, ó sọ fún bàbá wa pé oko kòkó òun tó mẹ́ta. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́wọ́ lójú gbogbo àna rẹ̀, kí ògiri má baà pa mí, nígbà tó mọ̀ pé ìyàwó lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Kó máa mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Ilé ni yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀."

"Ìwọ ńkọ́, níbo lo máa gbé nígbà òjò?"

"Ọ̀dọ̀ àna mi ni. Títí yóò fi mọ ilé mi parí. Ẹ bá mi sọ fún un pé àárọ̀ kùtù ni mo máa ń jẹun o."

Láṣebìkan ò mọ̀ bóyá kó sunkún tàbí kó rẹ́rìn-ín. Ó ṣe méjèèjì. Ìbídùnní wá dúró tì í, ó gbé ìkòkò kan fún un.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ẹ lọ pọn omi. A óò tún ẹ̀wà gbé kaná."

Nígbà tí òjò lọ, tí Ayílọ̀ ṣì kún, kò sẹ́ni tó rán Láṣebìkan létí. Òun fúnra rẹ̀ ló ru ọgọ́ta ìkòkò fún ìpele kọ̀ọ̀kan, tó tún fi márùn-ún ṣe èènì. Bó bá mọ ìpele kan tán, á gba oko lọ. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ò tètè fẹ́ kúrò nílé rẹ̀ mọ́, torí Ìbídùnní ti lóyún, ṣùgbọ́n ilé dúró dè é, òjò ọdún náà àti ti ọdún tó tẹ̀ lé e kò sì rí i gbé ṣe. Títí ayé Baba Olóyèdé, bó bá ti rí ẹni tó ń fi ìwàǹwára ṣiṣẹ́, ohun tó máa ń bi í ni pé, "Omi nìyẹn àbí itọ́?" Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà á ní kó sọ ọ́, á sì sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí èyí tí wọ́n ń pa lówe fún wa títí dòní pé: ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.