Dàńṣíkí Ẹtù Baálẹ̀

Baálẹ̀ Òkè-Àbúsì ju dàńṣíkí ẹtù rẹ̀ tó ti ṣá síwájú Fọláwẹ̀, opó tó rà á tó sì rán an fún un lọ́dún tó kọjá, ó ní: "Aṣọ burúkú lo rà fún mi. Dá àwọ̀ rẹ̀ padà kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀. O kò gbọdọ̀ rẹ ẹ́ láró, o kò sì gbọdọ̀ fi aṣọ mìíràn kún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kẹ́rù rẹ kúrò nílùú yìí." Àwọn ìjòyè wolẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bá a bẹ̀bẹ̀. Fọláwẹ̀ ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Ó gbé aṣọ náà lọ sílé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi abẹ́rẹ́ tú gbogbo ojú rírán rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kí aṣọ ya. Ẹtù tó nípọn ni ó rà, ojú rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n sì hun bákan náà. Nítorí náà ó yí inú síta, ó yí ìta sínú, ó tún un rán. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó dúdú minimini bí ìgbà tó wà ní tuntun. Baálẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbóòórùn rẹ̀, kò rí aró tuntun. "Kí lo ṣe sí i?" Fọláwẹ̀ kúnlẹ̀. "Inú rẹ̀ ni mo yí síta, Bàbá. Òwú kan náà ni, aró kan náà ni. Oòrùn tí wọ́n ń sá a sí lágbàlá yín ni kò dé inú." Baálẹ̀ tún yí aṣọ náà wò. Ó ní, "Bí ojú yìí náà bá wá ṣá ńkọ́?" "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sá a síbi ìbòòji, Bàbá. Aṣọ kò ní ojú kẹta."