Bí Ìdí Ọkọ̀ Fádípẹ̀ Ṣe Di Iwájú

Fádípẹ̀ ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ náà kì í sì í ṣe ọmọdé. Pákó ló fi ń kó sọ̀kalẹ̀ láti Òkè-Ìmùlé. Bíréèkì ọkọ̀ náà le débi pé ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi ń tẹ̀ ẹ́, orúnkún á sì máa dùn ún di ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ yìí sú Morọ́láyọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní bí wọn kò bá tún bíréèkì yẹn ṣe kó dára, òun yóò wá ẹni tí yóò ra ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá gba ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ Fádípẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ló gbà.

Àkànjí, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì, ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Fádípẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló mú un lọ kọ́ṣẹ́, kò sì sí ohun tí Àkànjí kò lè ṣe fún un. Ó yọ bíréèkì àtijọ́ kúrò níwájú, ó fi bíréèkì tuntun aláwo pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀. Ó wá ku fáàfù kékeré tó ń díwọ̀n agbára tó ń lọ sí táyà ẹ̀yìn. Ó yẹ kí ó dín in kù, kí táyà iwájú lè máa kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rò, ló bá ṣí i sílẹ̀ pátápátá, kí táyà ẹ̀yìn lè bá a dá ọkọ̀ dúró. Àṣé ìfẹ́ a máa bo mẹkáníìkì náà lójú!

Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò. Morọ́láyọ̀ àti Àkànjí dúró lẹ́bàá pápá ẹ̀yìn ilé. Fádípẹ̀ wa ọkọ̀ òfìfo náà bọ̀, Àkànjí juwọ́ sí i pé kó dúró, bàbá sì tẹ bíréèkì. Táyà ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ gan. Ìdí ọkọ̀ yọ̀ ṣọ̀ọ́ nínú ẹrẹ̀, ó yí po, ó sì bọ́ síwájú. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dúró, ibi tó ti ń bọ̀ ló kọjú sí.

"Yéè! Bàbá mi o!" Morọ́láyọ̀ figbe ta.

Fádípẹ̀ yọrí lójú fèrèsé. "Àkànjí, mo ń lọ jẹ́jẹ́ mi, ìwọ lo ní kí n padà sílé?"

Àkànjí ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Orúnkún yín ni mo rò tí mo fi gbé gbogbo agbára sẹ́yìn."

"Dìde, ọmọ ìyá mi. O fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí iwájú mú ná, kí ẹ̀yìn tó tẹ̀ lé e. Wá dín in."

Àkànjí dín in díẹ̀, wọ́n tún dán an wò. Lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò á bẹ̀rẹ̀ wo ipa táyà nílẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ipa náà gún régé, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá sì fi tẹ̀ ẹ́. Morọ́láyọ̀ kò dárúkọ títà mọ́. Ó gun ọkọ̀, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó ní kó gbé òun dé ilé ọkọ òun.

Níbẹ̀ ni àwọn àgbà awakọ̀ Òkè-Ìmùlé ti rí òwe tí wọ́n ń pa fún ẹni tó ń ṣaájò ju ẹni tó ni ọ̀ràn lọ, pé ẹ̀yìn tó bá kọ́kọ́ dúró, iwájú ni yóò bá ara rẹ̀.