Obì Aláwẹ́ Méjì Tó Fẹ́ Ba Ìwúyè Jẹ́

“Ẹni tó bá fi ọmọ kún ọmọ, kó fi abọ́ kún abọ́.” Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ilé olórogún ni, níbi tí ìyàwó tuntun ti bímọ, tí ìyáálé kò sì ka ọmọ náà mọ́ àwọn tí yóò jẹun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Ṣàgámù ni a ti kọ́kọ́ sọ ọ́, obì ló sì fà á.

Ẹgbẹ́ àwọn olóbì ló gbé iṣẹ́ fún yàrá náà. Bí agbọ̀n obì bá ti oko dé, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a tẹ ohun tí wọ́n rí sínú kọ̀ǹpútà, wọn a sì fi ewé tútù dì í pa. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á, nítorí afẹ́fẹ́ ní í mú obì gbẹ. Ẹ̀rọ ni yóò sọ obì tó dọ́gba pẹ̀lú ara wọn, àwọn alágbàṣe yóò sì to agbọ̀n wọn jọ sójú kan.

A kò bí ìmọ̀ yìí mọ́ ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà mọ̀ pé méjì dọ́gba pẹ̀lú méjì. Kò mọ ohun tí ń jẹ́ obì. Ẹni tó bá dá irú nǹkan tuntun sílẹ̀ nínú ètò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò mú kí méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ọgba. Láyíwọlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú yàrá náà, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìfiwéra náà: bí àwọ̀ bá bára mu, tí títóbi bá bára mu, tí oko tí wọ́n ti wá bá jẹ́ ọ̀kan, obì méjèèjì dọ́gba. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀ nígbà náà, nítorí gbànja aláwẹ́ méjì nìkan ni ẹgbẹ́ ń tà fún àwọn oníṣòwò Òkè Ọya.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta obì àbàtà, tí awẹ́ rẹ̀ máa ń tó mẹ́rin. Láyíwọlá fi ẹ̀yà tuntun kún obì inú ètò: iye awẹ́. Ó dán an wò, ó gbà á wọlé. Kò rántí padà sí ibi ìfiwéra.

Ìyálóbì Ṣìfáwù, olórí ẹgbẹ́, ló kan àbájáde rẹ̀. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí fún àwọn ìjòyè ìlú kékeré kan pé òun ni yóò pèsè obì àbàtà fún ìwúyè Baálẹ̀ wọn. Gbànja kò wọ ibẹ̀. Wọn kì í fi aláwẹ́ méjì wúre fún olóyè. Nígbà tí ìwúyè ku ọ̀la, ọkàn ìyá náà kò balẹ̀, ó tú agbọ̀n kan nínú òkìtì tó fẹ́ fi ránṣẹ́. Gbànja ni. Ó tú èkejì: àbàtà. Ó dúró. Bí ó bá tú gbogbo rẹ̀, ẹrù àwọn ará Òkè Ọya yóò gbẹ. Bí kò bá tú u, gbànja lè dé iwájú Baálẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò sì di yẹ̀yẹ́. Ó mú obì kan nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, ó kọrí sí yàrá àwọn oníkọ̀ǹpútà.

“Èwo nínú yín ló sọ fún ẹ̀rọ pé ọ̀kan náà ni ìwọ̀nyí?” Ó pa obì méjèèjì sórí tábìlì.

Láyíwọlá wò wọ́n, ojú rẹ̀ wálẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìlà kan péré ni mo gbàgbé. Màá fi kún un báyìí-báyìí.”

“Ṣe é kíá o. Ọ̀sán ni ọkọ̀ ń gbéra.”

Ìbídùnní, ọ̀gá yàrá náà, fi ọwọ́ bo kíbọ́ọ̀dù. “O ò ní fi ọwọ́ kọ ọ́ mọ́. Láyí, o fi ọmọ kún ọmọ, o ò fi abọ́ kún abọ́. Bí o bá ra abọ́ kan lónìí, ta ni yóò ra ti ọmọ tó ń bọ̀ lọ́la?”

“Ọ̀gá, èmi náà ni.”

“Ìwọ tí o gbàgbé ti àná?”

Ìyálóbì bú sẹ́rìn-ín láìfẹ́. “Ọmọ ò tíì jẹun, bàbá ọmọ ń fọ́nnu!”

Ìbídùnní ṣàlàyé. Èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò náà ní ọ̀rọ̀ kan tí a lè kọ sórí irú nǹkan tí a dá sílẹ̀. Bí a bá ti kọ ọ́, èdè náà fúnra rẹ̀ ni yóò ka gbogbo ẹ̀yà nǹkan ọ̀hún, tí yóò sì kọ ìfiwéra rẹ̀, láìfi ẹ̀yà kankan sílẹ̀.

“Ọ̀gá, kò ní ṣiṣẹ́,” Láyíwọlá ní. “Nọ́ńbà agbọ̀n wà lára obì. Agbọ̀n méjì kì í ní nọ́ńbà kan náà. Bí ẹ̀rọ bá ka gbogbo ẹ̀yà, kò ní sí obì méjì tí yóò dọ́gba mọ́ láyé.”

“O wí ire. Nọ́ńbà yẹn, ti obì ni àbí ti agbọ̀n?”

“Ti agbọ̀n ni.”

“Kí ló wá ń ṣe lára obì?”

Wọ́n yọ nọ́ńbà kúrò lára obì, wọ́n dá agbọ̀n sílẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n fi nọ́ńbà fún un. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sórí obì. Ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀: oko pẹ̀lú jẹ́ irú nǹkan tuntun tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀ nínú ètò, òun kò sì mọ ìgbà tí oko méjì ń jẹ́ ọgba. Láyíwọlá fẹ́ wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, kó fi ọwọ́ kọ ìfiwéra oko. Ìbídùnní ní rárá. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà sórí oko, ẹ̀rọ sì gbà. Lójú kọ̀ǹpútà, òkìtì kan ṣoṣo pín sí méjì.

Ìyálóbì gba nọ́ńbà àwọn agbọ̀n lọ sí ibùdó obì, àwọn alágbàṣe sì fi í pín wọn sí òkìtì méjì. Ó tú ọ̀kan wò nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan: àbàtà lọ́tùn-ún, gbànja lósì. Ọkọ̀ gbéra lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kejì, Baálẹ̀ tuntun bu awẹ́ kan jẹ nínú mẹ́rin, ìlú sì ṣe àmín.

Ìyálóbì ló gbé ọ̀rọ̀ Ìbídùnní dé ọjà, ọjà ló sọ ọ́ di òwe. Nígbà tí ẹgbẹ́ tún béèrè pé kí ètò máa mọ obì tí kòkòrò ti mú, Láyíwọlá fi ẹ̀yà náà kún un, ó sì sáré lọ sí ibi ìfiwéra. Kò sí ohun tí yóò kọ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ti kà á.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà sọ pé “Ẹni tó bá fi ọmọ kún ọmọ, kó fi abọ́ kún abọ́,” kì í ṣe oúnjẹ ló ń bá wí. Ẹni tó mú ilé, ẹgbẹ́ tàbí iṣẹ́ gbòòrò sí i, tó sì fi òṣùwọ̀n àtijọ́ sílẹ̀ bó ti wà, ni wọ́n ń pa òwe yìí fún. Bí ẹni náà bá dáhùn pé òun yóò máa rántí, wọn a bi í léèrè ohun tí Ìbídùnní bi Láyíwọlá: “Ìwọ tí o gbàgbé ti àná?”